Ìdajì Òpó Lórí Fíìmù Ìràwọ̀

Ojo ni mí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akíkanjú ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn wa nígbà tí mi ò retí àlejò, màá ti sá wọ yàrá kí n tó bèèrè pé ta ni. Bí mo ṣe wà láti kékeré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì wà ní Wagadugu láwọn ọdún Ìyípadà, bí ìjọba ológun tuntun ṣe ń pe àsìkò rẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi ń kọrin kiri ìgboro, tí wọ́n ń na ìkúùkù sókè. Èmi náà ń nà án. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ọ̀tún wo òsì ná, kí n má baà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, kí n má sì jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara mobilẹ́ẹ̀tì, àwọn alùpùpù kékeré, ní ọjà Sankaryaré. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó bí mi, káàdì àjèjì ni wọ́n sì ń lò títí di àkókò tí mò ń sọ yìí. Wọ́n fún mi ní yàrá tó kọjú sí títì nínú ilé wa, mo sọ ọ́ di sítúdíò, mo pín ẹ̀yìn rẹ̀ fún yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fíìmù. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ló ń bọ́ mi. Kámẹ́rà mi kò ju ẹyọ kan lọ, lẹ́ńsì rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ, irú lẹ́ńsì lásán tó máa ń bá kámẹ́rà wá láti ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yìí wọ ilé wa láti inú ìwé ìròyìn Faransé àtijọ́ kan. Olùkọ́ òyìnbó kan ló ń padà sílùú rẹ̀, ó ń ta àwọn ìwé rẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, mo sì ra òkìtì kan nítorí àwọn àwòrán inú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ẹnìkan ṣàlàyé pé kò dìgbà tí èèyàn bá ní awò awọ̀nàjíjìn ńlá kó tó ya agbo ìràwọ̀ mìíràn. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ìràwọ̀ tí à ń fojú rí lọ́kọ̀ọ̀kan, inú agbo kan ṣoṣo ni wọ́n wà, agbo tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn agbo mìíràn wà níta, wọ́n jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn ti wà lójú ọ̀nà kí ọmọ ènìyàn tó délé ayé. Ọ̀kan nínú wọn wà lápá àríwá, ojú lásán sì lè rí i bí òkùnkùn bá tó. Mo gun orí òrùlé wa, èyí tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ pẹrẹsẹ, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo wá a títí mo fi rí i. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tó kan ìyẹ̀fun kan aṣọ dúdú. Láti ọjọ́ náà mi ò ní ìsinmi mọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ayé ń yí. Bí a bá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn lè rí àyè wọlé, àwọn ìràwọ̀ á ti sún, gbogbo wọn á sì di ìlà lórí fíìmù. Ohun tí ìwé náà ní kí a ṣe ni pé kí a fi irin ilẹ̀kùn so pákó méjì pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣí bí ìwé, kí kámẹ́rà wà lórí pákó òkè, kí bóòtù kan sì máa ti pákó òkè yìí díẹ̀díẹ̀. Èèyàn á jókòó tì í, á máa fọwọ́ yí bóòtù náà ní yípo kan láàárín ìṣẹ́jú kan, kò gbọdọ̀ yára, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Iṣẹ́ ojo gan-an nìyẹn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ á gbàgbé láti yí i.

Mo lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù fún bóòtù náà. Mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ èyí tó gùn, tí ojú ìlọ́ rẹ̀, àwọn ìlà tó yí i ká, sún mọ́ra gan-an.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ìràwọ̀ ni mo fẹ́ yà, bàbá.”

Wọ́n gbé irin ọwọ́ wọn kalẹ̀. “Ìràwọ̀. D'accord, ó dáa. Ṣé ìràwọ̀ náà ní mobilẹ́ẹ̀tì ni?”

Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú tì mí. Ṣùgbọ́n wọ́n tú àpótí mẹ́ta sílẹ̀ nítorí mi, wọ́n dán bóòtù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi èkánná ka ojú ìlọ́ wọn, títí wọ́n fi rí èyí tó yẹ. Wọ́n fi òróró nù ún kí wọ́n tó gbé e fún mi.

Ó wá ku ojú lẹ́ńsì. Bí a kò bá fi í sí ọ̀nà jíjìn bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, ìràwọ̀ á wú bí àkàrà. Àmì tó wà lára lẹ́ńsì tèmi kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ìwé náà sì ní kí a wá iná kan tó wà lókèèrè, kí a fi dán an wò. Iná tó jìnnà jù tí mo lè rí láti orí òrùlé wa ni iná pupa tó wà lórí òpó rédíò ìjọba. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe tan iná náà, mo ya òpó yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan, mo gbé ojú lẹ́ńsì sí ibi tí àmì rẹ̀ wí. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo dá a padà bíńtín. Mo fẹ́ fi méjèèjì wéra tí mo bá fọ fíìmù náà tán. Fíìmù sì wọ́n, n kì í yọ èyí tí kò tíì tán, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, mo ń retí ìrọ̀lẹ́ tí eruku ọyẹ́ máa rọlẹ̀.

Ogun ló kọ́kọ́ dé. Ìjà ààlà pẹ̀lú àwọn ará Màlì ni, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, ta ló mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ ni? Wọ́n ní bàálù ti ju bọ́ǹbù sí ìlú kan lápá àríwá. Àwọn ará kọmitée àdúgbò, tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ ìlú, ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ní kí a pa gbogbo iná ìta, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fọ́tò bárékè, pápákọ̀ òfurufú, tàbí ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹni tó bá yà á, amí ni. Bí amí náà bá jẹ́ ọmọ àjèjì, òun àti ará ilé rẹ̀ á di èrò bọ́dà lọ́jọ́ kan náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Fọ́tò òpó yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Bí orí mi ṣe lè bẹ̀rù gbogbo nǹkan tán kó wá gbàgbé nǹkan kan ṣoṣo tó yẹ kó bẹ̀rù, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni òkùnkùn. Gbogbo ìlú ṣú dùdù, atẹ́gùn sì ti gbá eruku lọ. Lẹ́yìn tí a kí ìrun alẹ́ tán, mo gbé pákó àti kámẹ́rà gun òrùlé. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa gùn ún. Mo gùn ún náà ni. Ìràwọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó dá àwọn tí mo mọ̀ mọ̀. Mo dojú kámẹ́rà kọ àríwá, apá ibi tí ogun wà, nítorí ibẹ̀ náà ni agbo ìràwọ̀ yẹn wà. Mo ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí bóòtù.

Mo ti yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nígbà tí ẹnìkan kígbe láti àgbàlá ilé kejì ní èdè Faransé pé, “Ta ló wà lókè yẹn?” Mo lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ajá ń gbó. Mo gbọ́ tí ẹni náà ń pe ẹlòmíràn jáde. Ìṣẹ́jú pé, mo yí bóòtù. Ìṣẹ́jú tún pé, mo tún yí i. Mo ń làágùn nínú ọyẹ́. Ká ní mo dá a dúró níbẹ̀, ká ní mo kó ẹrù mi sọ̀kalẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ á ti tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó pé mẹ́fà, mo sì ya mẹ́fà pé kí bàbá mi tó dúró sí ìdí àkàbà, tí wọ́n fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé, “Sọ̀kalẹ̀ wá, kí n tó fọwọ́ ara mi gbé ọ sọ̀kalẹ̀.”

Àwọn ará kọmitée dé láàárọ̀ kí n tó mu tíì. Arábìnrin kan ló ṣáájú wọn, òun ni aṣojú àdúgbò wa. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, bóyá ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, aṣọ òwú tí wọ́n hun nílé ló wọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó gbé ìbọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bá mi sọ Faransé, ṣùgbọ́n Mòórè, èdè ìlú náà, ló fi kí bàbá mi, pẹ̀lú orúnkún títẹ̀ díẹ̀, torí pé oníbàárà wọn ni.

“Kámáráàdì, kí lo ń yà lórí òrùlé lánàá?”

“Ìràwọ̀ ni.”

“Ìràwọ̀ wo?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ jù, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá bà mí. Mo sọ ti agbo ìràwọ̀, mo sọ ti ayé tó ń yí, mo lọ gbé pákó wá, mo yí bóòtù fún un. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi ń dà bí ohun ìjà sí i. Ó dúró títí mo fi tán.

“Ó dáa. O ó fọ fíìmù náà báyìí, níṣojú mi. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, láti orí dé ìdí.”

Láti orí. Ìgbà yẹn ni mo rántí òpó rédíò. Mo di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Mo wo bàbá mi, wọ́n ń wò mí, mo sì rí i pé wọ́n ti ka nǹkan kan lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Sankaryaré, ṣọ́ọ̀bù, ilé, gbogbo ẹni tí a mọ̀. Fọ́tò méjì tí mo fi dán lẹ́ńsì wò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Arábìnrin náà bá mi wọ yàrá òkùnkùn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa iná. Kò sí ẹni tó lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì dájú pé òun náà ń gbọ́ tèmi. Mo ṣí ìdí agolo fíìmù, mo fa fíìmù jáde, mo fọwọ́ wá sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì.

Gbogbo onífọ́tò ló ń gé orí fíìmù dànù kí ó tó ká a, torí pé apá yẹn ti rí ìmọ́lẹ̀ nígbà tí a ń kì í sínú kámẹ́rà. Nítorí náà kò sí ohun tó burú nínú gígé. Ibi tí màá gé dé ni ọ̀rọ̀ wà. Mo fi ìka wọn orí tí a máa ń gé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìka méjì fún fọ́tò àkọ́kọ́, ìka méjì fún ìkejì. Ìka mi ń yọ̀ lórí fíìmù, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Kí ló ń pẹ́?” ó bèèrè nínú òkùnkùn.

“Mo fẹ́ gé orí rẹ̀ ni. Ó ti rí ìmọ́lẹ̀.”

“Gé e kí n gbọ́.”

Mo gé e. Ó bọ́ sílẹ̀, mo sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ká ìyókù, mo fi í sínú agolo oògùn, mo dé e, mo tan iná. Arábìnrin náà kò wo ilẹ̀. Fún gbogbo ìgbà tí mo fi ń mi agolo yẹn, mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Mo ń gbàdúrà, kì í sì í ṣe àdúrà tó dára, torí Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀ pé kó bá mi tan obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí jẹ.

Nígbà tí mo fa fíìmù jáde látinú omi, bàbá mi ti wọlé, wọ́n dúró sẹ́yìn wa pẹ̀lú tèsùbáà lọ́wọ́. Arábìnrin náà gba fíìmù tútù náà, ó gbé e sókè sí gílóòbù. Mo rí àwọn ìràwọ̀ mi. Lórí fíìmù, funfun ń di dúdú, nítorí náà àmì dúdú wínníwínní ni wọ́n, wọ́n mú, kò sí ìlà, àti láàárín wọn agbo ìràwọ̀ náà, kékeré, ó fì sápá kan, ó ní ẹ̀gbẹ́ tó rọra ń parẹ́. Inú mi dùn. Ẹ ò rí nǹkan, lọ́jọ́ yẹn, lójú ìbọn, inú mi dùn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́yìn náà ni mo rí orí fíìmù. Mi ò gé e dé ibi tó yẹ. Fọ́tò àkọ́kọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ìdajì ìkejì ṣì wà níbẹ̀, òpó náà sì wà nínú ìdajì yẹn, ó dúró gbọọrọ, pẹ̀lú iná lórí rẹ̀.

Àtàǹpàkò arábìnrin náà ti rìn dé ibẹ̀. Ó sún mọ́ gílóòbù sí i.

“Èyí ńkọ́? Èyí kì í ṣe ìràwọ̀.”

Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo ń nu omi tó kán sórí tábìlì.

“Òpó mọ́ṣáláṣí wa ni,” bàbá mi sọ láti ẹ̀yìn, ní Mòórè. “Èmi ni mo ní kó yà á. A fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wa nílé, kí wọ́n rí bí a ṣe ń sìn níbí.”

Arábìnrin náà yíjú padà, ó wò wọ́n. “El Hadj, mo mọ̀ yín. Ṣé ẹ lè fi Ọlọ́run búra sí i?”

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́ fún yín. Wọn kì í búra. Ní ọjà tí gbogbo ènìyàn ti ń fi Ọlọ́run búra lórí bóòtù kan ṣoṣo, bí oníbàárà bá ní kí wọ́n búra pé ojúlówó ni ọjà wọn, wọ́n á ní, “Èyí kì í ṣe ojúlówó, tọ̀hún ni ojúlówó, mú èyí tó wù ọ́.” Wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, torí pé mo fi “wallahi” kún irọ́ kékeré kan nípa bọ́ọ̀lù. Arábìnrin náà mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi bèèrè.

“Wallahi,” bàbá mi dáhùn.

Ó dá fíìmù padà fún mi. Ó ní kí n má gun òrùlé mọ́ títí ogun yóò fi parí. Ó ní “Barka”, ìyẹn ni pé ẹ ṣé, fún bàbá mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀, òun àti àwọn ọkùnrin náà sì lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí fíìmù tí mo gé. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo fẹ́ sunkún, mo ní, “Bàbá, òpó rédíò ni...”

“Mo ti gbé ìlú yìí pẹ́ ju ọ lọ,” wọ́n ní. “Ṣé mi ò mọ òpó rédíò ni?” Wọ́n sì jáde.

Ogun parí láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mo tẹ fọ́tò agbo ìràwọ̀ náà sórí ìwé, mo mú un tóbi bí mo ṣe lè ṣe, mo mú un lọ fún bàbá mi. Wọ́n mú un síwájú, wọ́n mú un sẹ́yìn. “Ṣé òun nìyí?” Mo ní òun ni. Wọ́n ní ó dára, wọ́n sì dá a padà fún mi. Ó dára lóòótọ́. Mi ò lè wò ó ju ìṣẹ́jú kan lọ kí n tó da ojú rẹ̀ dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n búra yẹn, àwọn oníṣòwò wa péjọ sí àgbàlá fún ìrun mọ̀gàríbà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, bàbá mi ló ń ṣíwájú ìrun fún wọn. Wọ́n ti tẹ́ ẹní síwájú, gbogbo ènìyàn ti tò, wọ́n ń dúró. Bàbá mi wá dúró sí ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n tọ́ka sí ọkùnrin kan tí kò dàgbà tó wọn, wọ́n ní kó lọ síwájú. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn.

Wọ́n gbé ọdún mọ́kànlá sí i láyé lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sì ṣíwájú ìrun mọ́ láé. Àwọn ènìyàn máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí àgbà bíi tiwọn kò fi gbà láti ṣíwájú. Èmi náà á ní ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.